Àmì Ìwé àti Òfin Ìrònú: Ìtàn XML àti Ọ́ńtọ́lọ́jì Nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Nínú ìtàn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀ka ìmọ̀ méjì kan wà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn oníṣẹ́ wọn kò sì ní nǹkan púpọ̀ ṣe pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó pàdé ní ìparí ọ̀rúndún ogún. Àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ fífi àmì sí ìwé, èyí tí èso rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ ń jẹ́ XML, ìyẹn ìlànà tí a fi ń kọ àkọsílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè mọ ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Èkejì ni iṣẹ́ kíkọ ìmọ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹ̀rọ fi lè ronú lé e lórí, tí àwọn onímọ̀ ń pe irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ́ńtọ́lọ́jì: àkójọ àwọn nǹkan tó wà nínú agbo ìmọ̀ kan, ìbátan tó wà láàárín wọn, àti òfin tí a fi ń fa òtítọ́ tuntun yọ láti inú èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tọpa ìtàn méjèèjì yóò rí i pé kì í ṣe ìgbà tí àwọn onímọ̀ ń fi nǹkan kún iṣẹ́ wọn ni iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú jù lọ, bí kò ṣe ìgbà tí wọ́n gbà láti gé lára rẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, olóòtú ìwé a máa fi pẹ́ńsùlù kọ àṣẹ sí etí ojú ìwé tí òǹkọ̀wé mú wá, láti sọ fún atẹ̀wé irú lẹ́tà tí yóò lò àti bí àlàfo yóò ti tóbi tó. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ yìí, irú àṣẹ kan náà ni wọ́n ń kì bọ inú àkọsílẹ̀: fi àlàfo síbí, sọ lẹ́tà yìí di gàdàgbà. Ìnira tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ tirẹ̀, nítorí náà ìwé tí wọ́n bá ti pèsè fún ẹ̀rọ kan kì í wúlò fún òmíràn, kò sì sí ohunkóhun nínú rẹ̀ tó sọ bóyá gbólóhùn gàdàgbà náà jẹ́ àkọlé orí ìwé, orúkọ ènìyàn tàbí ìkìlọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, William Tunnicliffe dá a lábàá ní ìpàdé kan tó wáyé ní ilé ìtẹ̀wé ìjọba Kánádà pé kí wọ́n ya ohun tí ìwé ń sọ sọ́tọ̀ kúrò lára bí ìwé ṣe máa rí lójú. Gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e nínú ìtàn yìí dúró lórí ìyàsọ́tọ̀ yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ilé ìwádìí IBM tó wà ní Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, iṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ Charles Goldfarb, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òfin kó tó di òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n fẹ́ kí ètò mẹ́ta tí ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò nílò, èyí tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe ìwé, èyí tí wọ́n fi ń wá ìwé àti èyí tí wọ́n fi ń to ojú ìwé fún títẹ̀, jọ máa ka àkọsílẹ̀ kan náà. Goldfarb, Edward Mosher àti Raymond Lorie rí i pé èyí kò lè ṣeé ṣe àfi bí àmì inú ìwé bá ń sọ ohun tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́, dípò ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe sí i. Wọ́n pe ìlànà wọn ní GML, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sì ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ bàbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti ara GML ni SGML ti jáde, èyí tí àjọ ISO tẹ̀ jáde ní ọdún 1986 pẹ̀lú nọ́ńbà 8879. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ìwé òfin kan tí wọ́n ń pè ní DTD, níbi tí yóò ti sọ irú ẹ̀yà tí ìwé rẹ̀ lè ní àti bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra. Ìlànà náà lágbára púpọ̀. Ó gba òǹkọ̀wé láàyè láti fo àwọn táàgì kan, ìyẹn àwọn àmì tó ń ṣí ẹ̀yà tó sì ń pa á dé, ó tún gbà á láàyè láti pààrọ̀ àwọn àmì tí wọ́n fi ń kọ táàgì fúnra wọn, nítorí pé àwọn tó ṣe é ń ro ti ẹni tí yóò jókòó fi ọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀. Àwọn ológun Amẹ́ríkà lò ó fún ìwé ìtọ́nisọ́nà ohun ìjà wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ètò TEI ní ọdún 1987 sì lò ó láti kó ewì, eré oníṣe àti ìwé àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n gbogbo òmìnira tí wọ́n fún òǹkọ̀wé yìí di ẹrù sí ọrùn ẹni tó ń kọ ètò tí yóò ka ìwé náà, nítorí pé ètò náà gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ de gbogbo ọ̀nà tí òǹkọ̀wé lè gbà. Ìwọ̀nba ètò díẹ̀ ló lè ka gbogbo SGML bó ṣe yẹ, owó wọn sì ga.

Nígbà tí Tim Berners-Lee ń pilẹ̀ ìkànnì àgbáyé ní ilé ìwádìí CERN ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ìrísí táàgì SGML ló yá fún HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ìwé ìkànnì, ṣùgbọ́n táàgì HTML kò pọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi tirẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí àjọ W3C, tó ń mójú tó ìlànà ìkànnì àgbáyé, fi gbé ìgbìmọ̀ kan dìde ní ọdún 1996 lábẹ́ àkóso Jon Bosak ti ilé iṣẹ́ Sun Microsystems, pé kí wọ́n wá bí a ṣe lè gbé agbára SGML dé orí ìkànnì. Iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ yìí ṣe jù lọ ni gígé. Wọ́n gé òmìnira fífo táàgì kúrò, wọ́n gé pípààrọ̀ àmì kúrò, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tó ṣeé ṣe láti ka ìwé láìní DTD rárá, bí a bá ti ṣí gbogbo táàgì tí a sì pa wọ́n dé bó ti yẹ. Ìwé tó bá pa òfin yìí mọ́ ni wọ́n ń pè ní ìwé tó gún régé. Wọ́n tún pinnu ohun kan tó fa àríyànjiyàn gbígbóná láàárín wọn, pé bí ètò tó ń ka ìwé bá bá àṣìṣe kan ṣoṣo pàdé, kí ó dúró, kí ó sì kọ ìwé náà, dípò kí ó máa méfò ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn bí àwọn ètò tó ń ka HTML ti ń ṣe. Tim Bray, Jean Paoli àti C. M. Sperberg-McQueen ni olóòtú ìlànà náà, W3C sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 1998.

Ìpinnu yìí le lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló mú kí XML tàn káàkiri. Láàárín ọdún méjì, ètò atúpalẹ̀, ìyẹn ètò tí ń ka XML tó sì ń tú u sí ẹ̀yà-ẹ̀yà, ti wà fún ọ̀pọ̀ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. James Clark, tó ti jẹ́ òpó nínú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, kọ èyí tó ń jẹ́ expat, tí ó ṣì wà nínú èdè Python títí di òní.

Ọ̀nà tí ètò fi ń mú ìwé XML lò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìrísí rẹ̀. Igi ni ìwé XML: ẹ̀yà kan ṣoṣo ló wà ní gbòǹgbò, gbogbo ẹ̀yà yòókù sì wà nínú ẹ̀yà mìíràn. Bí ẹnìkan bá kọ <ìwé xml:lang="yo"><àkọlé>Ewé àti Egbò</àkọlé></ìwé>, ìwé ni gbòǹgbò, àkọlé jẹ́ ọmọ rẹ̀, xml:lang sì jẹ́ àbùdá tó ń sọ pé Yorùbá ni èdè tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé yo ni àmì tí ISO fún èdè náà. Ọ̀nà méjì tí kò jọra rárá ni wọ́n là sílẹ̀ ní ọdún 1998 kan náà fún kíka irú igi bẹ́ẹ̀. W3C gbé DOM jáde ní oṣù kẹwàá, èyí tó ń kó igi náà látòkè délẹ̀ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà, bí ìgbà tí oníṣòwò bá tú gbogbo ẹrù palẹ̀ kí ó tó mú ẹyọ kan tí oníbàárà béèrè. Ẹni tó ń lò ó lè rìn láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ, láti ọ̀dọ̀ ọmọ sí àbúrò, ó lè já ẹ̀ka kan, kí ó sì lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ìwé ńlá lè gba àyè ju èyí tí kọ̀ǹpútà ní lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù karùn-ún, David Megginson pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé SAX jáde, tí kì í tọ́jú igi kankan: ó ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń kéde ohun tó bá pàdé bó ti ń lọ, pé ẹ̀yà kan ṣí, pé ọ̀rọ̀ wà níbí, pé ẹ̀yà kan ti parí. Ètò tó bá fẹ́ rántí nǹkan gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ rántí rẹ̀. Gbogbo irinṣẹ́ tó tẹ̀ lé wọn, títí kan ElementTree tí Fredrik Lundh kọ tó sì wọ inú Python ní ọdún 2006, wà láàárín ọ̀nà méjì yìí.

Rírìn nínú igi ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa sú ni, ètò tó gùn kò sì ṣòro láti kọ láṣìṣe. Fún ìdí èyí ni W3C ṣe fọwọ́ sí XPath àti XSLT ní ọjọ́ 16, oṣù kọkànlá, ọdún 1999. XPath jẹ́ èdè kékeré tí a fi ń tọ́ka sí ibi tí a fẹ́ nínú igi, débi pé //àkọlé nìkan ti tó láti pe gbogbo àkọlé tó wà níbikíbi nínú ìwé. XSLT, tí James Clark jẹ́ olóòtú rẹ̀, ni wọ́n fi ń sọ ìwé XML kan di òmíràn, ohun tó sì yẹ kí a fiyè sí nínú rẹ̀ ni pé òfin ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Òǹkọ̀wé kì í sọ pé kí ètò kọ́kọ́ ṣe èyí kó tó ṣe tọ̀hún. Ohun tó ń sọ ni pé nígbàkígbà tí o bá pàdé irú ẹ̀yà báyìí, irú èyí ni kí o gbé jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lo XSLT ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ti ń fi òfin ṣiṣẹ́ láìmọ̀ pé irú ìrònú bẹ́ẹ̀ ti ní ìtàn tó gùn ní ẹ̀ka ìmọ̀ mìíràn.

Ohun tí ìgbìmọ̀ XML kò gé ló wá di wàhálà lẹ́yìn. Wọ́n dá DTD sí, wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńtítì sí pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn orúkọ kúkúrú tó dúró fún ọ̀rọ̀ gígùn tàbí fún fáìlì tó wà níbòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ ibi rí i pé bí ẹ́ńtítì kan bá pe òmíràn ní ìgbà mẹ́wàá, tí ìyẹn náà pe òmíràn ní ìgbà mẹ́wàá, ìwé tí kò ju ìlà díẹ̀ lọ lè wú títí yóò fi kún ìrántí kọ̀ǹpútà àkúnwọ́sílẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ẹ́ńtítì lè ní kí kọ̀ǹpútà olùpèsè ka fáìlì àṣírí rẹ̀ jáde. Ní ọdún 2017, àjọ OWASP, tó ń kọ àwọn ewu tó wọ́pọ̀ jù lọ lórí ìkànnì sílẹ̀, fi ewu yìí sí ipò kẹrin nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń kọ ètò tí yóò gba ìwé XML lọ́wọ́ àlejò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ́ńtítì kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Nínú fífi dátà ránṣẹ́ láàárín ètò àti ètò, ìlànà mìíràn tó ń jẹ́ JSON ti gba ipò lọ́wọ́ XML nítorí pé òun tún kéré jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìwé gan-an, tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún, XML kò tíì ní arọ́pò: fáìlì Word tí ọ̀gá ilé ìwé ń tẹ̀, fáìlì Excel tí akápò ń lò àti ìwé EPUB tí ènìyàn ń kà lórí fóònù jẹ́ àpò tí ó kún fún ìwé XML nínú.

Síbẹ̀, XML kò mọ ìtumọ̀ ohunkóhun. Bí a bá fi táàgì bàbá yí orúkọ kan ká, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ẹni náà ju ọmọ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, tàbí pé kò lè jẹ́ bàbá ara rẹ̀. Àwọn tó ń wá irú ìmọ̀ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ní Stanford ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Edward Shortliffe kọ́ MYCIN, ètò tó ń dábàá oògùn fún àwọn tí kòkòrò àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òfin ló wà nínú rẹ̀, òfin kọ̀ọ̀kan sì ní apá méjì: bí irú nǹkan báyìí bá rí báyìí, irú ìpinnu báyìí tọ́. Ètò náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè, ó ń wá òfin tó lè dáhùn rẹ̀, ó sì ń padà sẹ́yìn láti wá ẹ̀rí tí òfin náà nílò. Èyí ni ìrònú olọ́nà ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn gba ìrònú olọ́nà iwájú, níbi tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rí tí ó sì ń fa gbogbo ohun tí òfin bá lè fà yọ. Ìnira ti èyí ni pé nígbàkígbà tí ẹ̀rí kan bá yí padà, ètò tún ní láti yẹ gbogbo òfin wò pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí. Charles Forgy ní Carnegie Mellon ló wá ojútùú sí i pẹ̀lú Rete, ọgbọ́n tó kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lé lórí ní ọdún 1979, tó sì tẹ̀ jáde ní ìwé ìròyìn ìmọ̀ ní ọdún 1982. Rete ń rántí gbogbo òfin tí ẹ̀rí ti bá mu dé ìdajì, nítorí náà ẹ̀rí tuntun kò kan ju àwọn òfin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn lọ.

Ìlà kejì nínú ìmọ̀ yìí kò tẹnu mọ́ òfin, ọ̀wọ́ ni ó gbájú mọ́, ìyẹn bí a ṣe ń pín àwọn nǹkan sí irú àti ìsọ̀rí. Ronald Brachman ló fi ìwé oyè rẹ̀ ní ọdún 1977 la ọ̀nà fún ètò tó ń jẹ́ KL-ONE, níbi tí a ti lè ṣe àlàyé ọ̀wọ́ kan kí ẹ̀rọ sì fúnra rẹ̀ mọ ọ̀wọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú àwọn onímọ̀ dùn sí i, wọ́n sì ń fi oríṣiríṣi ọ̀nà àlàyé kún un. Ní ọdún 1984, Brachman àti Hector Levesque fi ìṣirò hàn pé àfikún kékeré kan nínú èdè tí a fi ń ṣàlàyé ọ̀wọ́ lè sọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń parí wéréwéré di èyí tí kò lè parí nígbà tó bójú mu. Ní ọdún 1989, Manfred Schmidt-Schauß ti Jámánì fi hàn pé ti KL-ONE tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: kò sí ètò kankan tó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ láé.

Àbájáde yìí ì bá ti pa ẹ̀ka ìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, nípa ọ̀nà àlàyé kọ̀ọ̀kan, iye tí yóò ná wọn bí wọ́n bá gbà á sínú èdè. Schmidt-Schauß kan náà àti Gert Smolka tẹ èdè kékeré kan tó ń jẹ́ ALC jáde ní ọdún 1991, pẹ̀lú ọgbọ́n ìrònú tó dájú pé yóò parí: ẹ̀rọ ń gbìyànjú láti kọ́ ayé kékeré kan tí gbogbo gbólóhùn ti jẹ́ òtítọ́, bí ó bá sì já sí ìtakora ní gbogbo ọ̀nà, ó mọ̀ pé irú ayé bẹ́ẹ̀ kò lè sí. Ní Manchester, Ian Horrocks kọ ètò FaCT ní ìparí àwọn ọdún 1990, ó sì fi ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn ńlá tó ń jẹ́ GALEN dán an wò. Lórí ìwé ìṣirò, iṣẹ́ tí FaCT ń ṣe lè gba àkókò tó gùn ju èyí tí ẹnikẹ́ni lè dúró dè lọ. Lójú iṣẹ́, nítorí àwọn ọgbọ́n àrékérekè tí Horrocks fi sí i, ó ń tètè parí. Èyí ni ohun tó fi ọkàn àwọn ènìyàn balẹ̀ pé ẹ̀rọ aronú lè wúlò fún iṣẹ́ gidi.

Ìgbà tí ìtàn méjèèjì pàdé ni ọdún 1999, nígbà tí W3C fọwọ́ sí RDF. Gbólóhùn oníkókó mẹ́ta ni RDF: ohun kan, ìbátan kan, àti ohun mìíràn tí ìbátan náà so ó mọ́. Láti fi í ránṣẹ́ lórí ìkànnì, wọ́n kọ ọ́ ní XML, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ ètò ti jìyà. RDF kì í ṣe igi. Àwọ̀n ni, tí okùn rẹ̀ lè lọ síbikíbi kí ó sì padà. Nítorí náà, gbólóhùn kan náà ṣeé kọ ní XML ní ọ̀nà púpọ̀: a lè fi ìbátan ṣe ẹ̀yà, a lè fi ṣe àbùdá, a lè fi nǹkan kan sínú òmíràn, a sì lè tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá kọ XPath tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lónìí lè rí i lọ́la pé kò rí nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ àkọsílẹ̀ náà kò yí padà rárá. Ọ̀nà tó tọ́ ni láti jẹ́ kí ètò tó mọ RDF túmọ̀ ìwé náà sí gbólóhùn kí a tó fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni ètò Jena sì wà fún, èyí tí àwọn onímọ̀ HP bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní ọdún 2000, tó sì bọ́ sábẹ́ àjọ Apache ní ọdún 2010. Ìyà yẹn náà wà lára ohun tó jẹ́ kí ọ̀nà kíkọ kan tó rọrùn, Turtle, gbajúmọ̀ ju XML lọ láàárín àwọn tó ń lo RDF.

Lórí RDF ni wọ́n kọ́ OWL, èdè ọ́ńtọ́lọ́jì tí W3C fọwọ́ sí ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2004, ọdún mẹ́fà gééré lẹ́yìn XML. Iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò DAML àti ti àwọn ará Yúróòpù lábẹ́ OIL ló parapọ̀ di í. Ohun kan wà nínú OWL tó máa ń ya àwọn tó ti mọ XML tàbí dátábéèsì lẹ́nu, ó sì yẹ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, torí pé òun ló fa ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń ṣe. Lójú OWL, ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kì í ṣe irọ́. A kò kàn mọ̀ ọ́n ni. Bí ọ́ńtọ́lọ́jì bá sọ pé gbogbo ìwé ní òǹkọ̀wé kan ó kéré tán, tí ìwé kan kò sì ní òǹkọ̀wé nínú àkọsílẹ̀, ẹ̀rọ aronú kò ní kígbe pé àṣìṣe wà. Yóò gbà pé òǹkọ̀wé wà níbìkan tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ìwé kò lè ní ju òǹkọ̀wé kan lọ, tí a sì kọ orúkọ méjì sílẹ̀, ohun tí yóò fà yọ ni pé ẹnìkan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, àfi bí a bá sọ fún un pé ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Òfin OWL kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ìrònú ló ń fà jáde. Ó di ọdún 2017 kí W3C tó fọwọ́ sí SHACL fún iṣẹ́ àyẹ̀wò, ìdádúró tó pọ̀ jù ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi OWL ṣe ohun tí kò wà fún kí ìyẹn tó dé.

OWL ti ọdún 2004 kò lè sọ gbogbo ohun tí ènìyàn lásán ń sọ. Kò lè fi ìbátan méjì ṣe ìkẹta, débi pé kò lè sọ pé ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ kan ní ìbátan kan pàtó sí ọmọ náà. Láti dí àlàfo yìí ni Horrocks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi SWRL ránṣẹ́ sí W3C ní oṣù karùn-ún ọdún 2004, èyí tó so òfin alápá méjì pọ̀ mọ́ OWL, tí àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti arákùnrin òbí ẹni. Nínú ọ̀nà ìkọ̀wé ti Jena, irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ẹbí Yorùbá yóò rí báyìí: [(?a ẹbí:níBàbá ?b) (?b ẹbí:níẸ̀gbọ́n ?d) -> (?a ẹbí:níẸ̀gbọ́nBàbá ?d)]. Àmì ìbéèrè ń tọ́ka sí àyè tí ẹnikẹ́ni lè bọ́ sí. Ohun tó wà ṣáájú ọfà ni ẹ̀rí, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni ìpinnu. Ẹni tó bá ń to òfin yìí fún ẹbí Yorùbá yóò rí i kíákíá pé àpẹẹrẹ tó wà nínú SWRL kò tó fún un, torí pé akọ tàbí abo ni òfin tiwọn wò, nígbà tí ẹbí Yorùbá kọ́kọ́ ń wo ẹni tí wọ́n bí ṣáájú. Yóò ní láti fi ọdún ìbí wéra, èyí tí SWRL gbà láàyè.

Jena ń fi Rete ṣe ìrònú olọ́nà iwájú, ó ní ẹ̀rọ mìíràn fún olọ́nà ẹ̀yìn, ó sì lè lo méjèèjì pọ̀. SWRL ní tirẹ̀ tún gbé ìṣòro àtijọ́ padà wá: OWL nìkan ṣeé ronú lé lórí dé òpin, òfin nìkan náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì pọ̀ láìsí ìdè jẹ́ èdè tí kò sí ẹ̀rọ tó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Ojútùú náà tún jẹ́ gígé. Boris Motik, Ulrike Sattler àti Rudi Studer dábàá ní ọdún 2004 pé kí àyè inú òfin má ṣe gba ohunkóhun àyàfi ẹni tàbí ohun tí a ti dárúkọ nínú àkọsílẹ̀, kí òfin má baà máa sá lé àwọn tí ẹ̀rọ kàn méfò pé wọ́n wà. Ẹ̀rọ aronú Pellet àti HermiT gba òfin lọ́nà yìí.

Ní ọjọ́ 27, oṣù kẹwàá, ọdún 2009, OWL 2 dé, ó sì lè fi ìbátan méjì ṣe ìkẹta láìní òfin kankan. Ṣùgbọ́n apá tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni èdè kékeré mẹ́ta tí wọ́n gé jáde láti inú rẹ̀: EL fún ìwé ọ̀rọ̀ ńláńlá, QL fún dátábéèsì, RL fún àwọn tó ń fi òfin ṣiṣẹ́. EL kò mọ bí a ṣe ń sọ pé nǹkan kì í ṣe nǹkan mìíràn lọ́nà kíkún, kò sì lè sọ pé èyí tàbí ìyẹn. Nítorí pé ó yááfì ìwọ̀nyẹn, SNOMED CT, ìwé ọ̀rọ̀ ìṣègùn tó ní kókó tó lé ní 300,000 tí ilé ìwòsàn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ṣeé to sí ọ̀wọ́ ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá pẹ̀lú ẹ̀rọ aronú ELK tó jáde ní ọdún 2011.

Gígé kan náà ṣì kù fún àwọn tó ń fi Yorùbá kọ irú àkọsílẹ̀ wọ̀nyí. XML gba lẹ́tà Yorùbá láti ọjọ́ àkọ́kọ́, títí kan orúkọ táàgì, nítorí pé Unicode ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. A lè fi ẹ àti àmì òkè kọ ọ́, a lè fi é àti àmì ìsàlẹ̀ kọ ọ́, a sì lè fi e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú kò mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n XPath àti ẹ̀rọ aronú mọ̀ ọ́n, wọn yóò sì ka ẹ̀gbọ́n tí ènìyàn méjì kọ lọ́nà méjì sí ìbátan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Unicode ti pèsè ọ̀nà tí a fi ń sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, NFC ni wọ́n ń pè é, ìlà kan nínú ètò ló sì gbà. Kí gbogbo ẹni tó ń kọ ìwé atúmọ̀ èdè, àkójọ ewé àti egbò tàbí ìtàn ìlú ní Yorùbá sínú kọ̀ǹpútà fi ìlà kan yẹn síbẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.